Ẹ̀rọ Tí Ń Fọ Góòlù: Ẹ Má Ki Ọwọ́ Bọ̀ Ọ́, Ẹ Má Da Pẹtiróòlù Sí I

Ìyá kan ní Mushin kọ̀wé sí mi pé ọkọ òun, tí í ṣe alágbẹ̀dẹ góòlù, ra ẹ̀rọ kan tí ń fọ òrùka àti yẹtí, ó sì gbé e sí yàrá iwájú nínú ilé tí wọ́n ń gbé. Ó ní ọmọ iṣẹ́ ọkọ òun a máa fi ìka lásán mú nǹkan nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, àti pé láìpẹ́ yìí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí da pẹtiróòlù díẹ̀ sí i kí ìdọ̀tí lè tètè bọ́. Ó bèèrè bóyá ewu wà níbẹ̀. Ìyá, ewu wà, ewu ńlá sì ni. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí tì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ultrasonic cleaner ni àwọn Òyìnbó ń pe ẹ̀rọ náà. Ó dà bí àwo irin kékeré tí ó ní ìdérí. Kò ní búrọ́ọ̀ṣì, kò sí ohun tí ń yí nínú rẹ̀, nítorí náà ni àwọn ènìyàn kì í ṣe bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní abẹ́ àwo náà tí ń gbọ̀n ní nǹkan bí 40,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tí ó bá ju nǹkan bí 20,000 lọ. Gbígbọ̀n yìí a máa dá àwọn ihò kéékèèké sínú omi, bí róbótó inú omi ọṣẹ, wọn a sì tún wó lulẹ̀ lójú kan náà. Agbára wíwó yẹn ni ń ṣí ìdọ̀tí kúrò lára góòlù.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, kí ó fi ẹ̀mú di fọ́ìlì tí a fi ń se mọ́ínmọ́ín mú, kí ó rì í sínú omi náà fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Mo ti ṣe é rí níwájú alágbẹ̀dẹ kan. Nígbà tí a yọ ọ́ jáde, ó ti lu bí asẹ́. Ẹran ara ha le ju fọ́ìlì lọ bí? Ẹni tí ó bá ki ìka bọ̀ ọ́ lè ní ìrora tí ó wọ egungun, ara inú ìka sì lè bàjẹ́ láì sí ọgbẹ́ lójú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí a fi ń fọ abọ́ kò lè dí ìró náà. Agbọ̀n kékeré tàbí ìkọ́ ni kí a fi gbé nǹkan sí i, kí a sì pa ẹ̀rọ kí a tó yọ ọ́.

Ti pẹtiróòlù ni ó bà mí lẹ́rù jù. Oru pẹtiróòlù kò nílò ooru kó tó jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń gbọ̀n ọ́n, ó sì ń mú un gbóná pẹ̀lú. Oru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó ń rá gba, títí yóò fi dé ibi iná tí a fi ń jó góòlù tàbí ibi sítóòfù ìyàwó ilé. Bí iná bá mú un, kò sí ẹni tí yóò rí àyè bèèrè ibi tí ó ti wá. Bákan náà ni ọtí líle àti ásítóònù. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ abọ́ díẹ̀ tó.

Ẹ má da ásíìdì tàbí bílíìṣì sínú àwo irin náà, nítorí wọn a jẹ ẹ́. Bí a bá sì fi ásíìdì pa góòlù, kí a ṣàn án dáadáa kí ó tó wọ inú ẹ̀rọ. Ásíìdì àti bílíìṣì bí wọ́n bá pàdé, oru olóró ni wọ́n ń bí, èyí tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí ìdérí wà lórí ẹ̀rọ nígbà gbogbo, nítorí ariwo rẹ̀ tí a ń gbọ́ lè fa orí fífọ́. Kí a yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná kí a tó bu omi sí i tàbí dà á nù.

Èyí kò kan ara ènìyàn, àpò ni ó kàn: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iyùn ìyá yín tàbí péálì sínú rẹ̀. Wọ́n rọ̀, wọn a sì bàjẹ́.

Ìyá, bí pẹtiróòlù bá wà nínú ẹ̀rọ náà lónìí, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì tàbí wáyà rẹ̀. Ẹ pa gbogbo iná tí ń jó, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ọ̀gá sì pa iná mànàmáná láti ibi mítà ní ìta. Nígbà tí òórùn bá lọ tán, kí ó da pẹtiróòlù náà sínú agolo irin tí ó ní ìdérí, ní gbangba ìta. Ẹ má dà á sí gọ́tà.