Géèmù táńkì: Eré tó ní kí ẹni méjì jùmọ̀ ṣọ́ ilé kan

Kí fóònù tó di ohun tí ọmọdé ń fọwọ́ ra, géèmù tẹlifíṣàn ló ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ ní Ìkòròdú. Láti Sábó dé Àgríìkì, láti Ìgbógbó dé Ìjẹ̀dẹ́, ilé tí bàtà ọmọdé bá ti pọ̀ jù lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé géèmù ló wà níbẹ̀. Lára àwọn géèmù ìgbà náà, ọ̀kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó gbá a kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. 'Táńkì' ni wọ́n ń pè é.

Kì í ṣe táńkì omi o, kì í sì í ṣe ti epo. Táńkì tí ibí yìí ń wí ni ọkọ̀ ogun onírin tí ìbọn ńlá wà lórí rẹ̀. Orúkọ géèmù náà gan-an ni Battle City. Àwọn ọmọ tó ń jà sí páàdì rẹ̀ nígbà náà ti di bàbá àti ìyá báyìí, àwọn náà sì ń bá ọmọ tiwọn fa wàhálà lórí fóònù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí òbí tún géèmù yìí yẹ̀ wò, nítorí ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n nínú eré tí ọmọ ń dá ṣe lórí fóònù: ẹni méjì ló ń jókòó pọ̀, ilé kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń ṣọ́.

Apá kejì tó ju apá kìíní lọ

Bí fíìmù Yorùbá ṣe máa ń ní apá kìíní àti apá kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni géèmù. Ilé-iṣẹ́ Namco ní ilẹ̀ Japan ló ṣe Tank Battalion jáde lọ́dún 1980. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń gbé sí gbàgede, tí èèyàn gbọ́dọ̀ sọ owó ẹyọ sí kó tó ṣiṣẹ́, ni wọ́n ṣe é fún. Lọ́dún 1985, Namco gbé apá kejì rẹ̀, Battle City, jáde fún Famicom, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù inú ilé tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Japan láti oṣù Keje ọdún 1983.

Fíìmù apá kejì sábà máa ń já èèyàn kulẹ̀, ṣùgbọ́n ti géèmù yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú apá kìíní, ẹnìkan ló ń dá jagun lẹ́ẹ̀kan. Nínú apá kejì, ẹni méjì lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan pẹ̀lú táńkì aláwọ̀ ìyeyè, èkejì pẹ̀lú ti aláwọ̀ ewé. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ bá ara wọn jà o. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n jẹ́.

Ibí yìí ni ó ti yàtọ̀ sí àwọn géèmù táńkì tó ṣáájú rẹ̀. Lọ́dún 1974, ilé-iṣẹ́ Kee Games ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tí wọ́n pè ní Tank, ẹni méjì ló sì ń gbá a, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n ń yìnbọn lu ara wọn. Nígbà tí Atari gbé ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ jáde lọ́dún 1977, Combat tó wà nínú páálí pẹ̀lú ẹ̀rọ náà tún gba ọ̀nà yẹn: ẹni tó jókòó tì ọ́ ni ọ̀tá rẹ. Battle City ló sọ ẹni tó jókòó tì ọ́ di ọmọ ogun rẹ.

Bí ikú ilé kò bá pani

Òfin géèmù náà kò ṣòro. Ní ìsàlẹ̀ tẹlifíṣàn, láàárín gbùngbùn, àwòrán ẹyẹ idì kan wà tí wọ́n fi bíríkì yí ká. Òun ni ilé. Láti òkè ni àwọn táńkì ọ̀tá ti ń bọ̀, 20 ni wọ́n ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìpele náà sì jẹ́ 35. Bí ọta ìbọn kan ṣoṣo bá ba ẹyẹ náà, eré ti parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀mí ṣì kù fún àwọn méjèèjì tó ń jà.

Ìbọn lè fọ́ bíríkì, ṣùgbọ́n kò lè fọ́ irin. Omi kò ṣeé kọjá. Igbó máa ń bo táńkì mọ́lẹ̀ tí ojú kò fi ní rí i, yìnyín sì máa ń yọ̀ ọ́ lọ síbi tí kò fẹ́ lọ. Bí ẹnìkan bá yìnbọn lu táńkì kan tó ń ṣẹ́jú, ẹ̀bùn máa ń yọ. Aago á dá àwọn ọ̀tá dúró gbagidi fún ìgbà díẹ̀. Ṣọ́bìrì á sọ bíríkì tó yí ilé ká di irin. Akoto á dáàbò bo táńkì. Bọ́ǹbù á pa gbogbo ọ̀tá tó wà lójú ìran. Ìràwọ̀ á mú kí ọta yára sí i, bí ó bá sì di mẹ́ta, irin pàápàá kò ní lè dá ìbọn náà dúró mọ́.

Ìràwọ̀ yìí ni ìjà sábà máa ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ nìkan ló ń jẹ ẹ́. Ọmọ tó bá gbọ́n á jẹ́ kí ẹni tó ń ṣọ́ ilé gbà á. Èyí tí ojú ń kán á sáré fi ilé sílẹ̀ lọ mú un. Kó tó padà, ẹyẹ ti kú. Bákan náà, bí ẹnìkan bá ṣèèṣì yìnbọn lu ẹnìkejì rẹ̀, onítọ̀hún kò ní kú, ṣùgbọ́n kò ní lè rìn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọ̀tá sì lè kọjá lára rẹ̀ lọ sí ilé.

Èyí tó ga jù níbẹ̀ ni pé ọta àwọn tó ń ṣọ́ ilé náà lè pa ẹyẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ọ̀tá ló ba ilé jẹ́, bí kò ṣe ọmọ ilé tó ń yìnbọn láìwòye. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó gbá géèmù yìí ti rí ìtumọ̀ òwe náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó pa á fún un.

Kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú

Ojúlówó ẹ̀rọ Nintendo kọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé rà. Èyí tó kún ọjà, tó sì rọ àpò lọ́rùn, ni àwọn ayédèrú tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Éṣíà, tí àwọn oníṣòwò ń kó wọlé. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lè gbé nọ́ńbà gìrìwò sára pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù ló wà nínú òun, ṣùgbọ́n tí ọmọ bá yẹ̀ ẹ́ wò, géèmù díẹ̀ kan náà ni wọ́n ń yí orúkọ rẹ̀ padà. Táńkì kì í sábà wọ́n nínú wọn. Nínú àwọn kan, àwọn ayédèrú ti tún un ṣe, wọ́n sì fún un lórúkọ Tank 1990.

Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò fi mọ ẹni tó ṣe eré tí wọ́n fẹ́ràn. Àwọn tó lo làákàyè wọn láti ṣe é kò rí kọ́bọ̀ nínú owó ọjà náà, ìwà jìbìtì yìí kan náà ló sì ń pa àwọn olórin àti onífíìmù ilẹ̀ yìí lẹ́kún.

Lọ́dún 1985 tí Battle City jáde náà ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ẹgbin, létí ọ̀sà ní agbègbè Ìkòròdú. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, agbára gbogbo wọn sì jẹ́ 1,320 mẹ́gáwáátì. Ṣùgbọ́n iná tó ń jáde ní Ẹgbin kì í gba ojúlé kọjá sí ilé àwọn ará Ìkòròdú. Orí wáyà ńlá tó so gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀ ló ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pín in káàkiri. Nítorí náà, ọmọ tó ń gbé nítòsí orísun iná ṣì lè wà nínú òkùnkùn.

Battle City kò ní ibi tí èèyàn lè tọ́jú eré pa mọ́ sí. Bí àwọn ọmọ méjì bá ti jà dé ìpele kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí Nẹ́pà sì mú iná lọ, eré náà ti dòfo nìyẹn, wọ́n á tún òmíràn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Géèmù náà sì tún fàyè sílẹ̀ fún ọmọ láti kọ́ pápá ogun tirẹ̀, kó fi bíríkì síhìn-ín, kó da omi sọ́hùn-ún. Ìyẹn náà, bí iná bá ti lọ, ó parí.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù géèmù dé

Nígbà tí PlayStation gbòde, eré kúrò ní yàrá, ó bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Àga onígi, tẹlifíṣàn mélòó kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn èèyàn sọ lórúkọ 'I better pass my neighbour', okòwò ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló gba ipò kìíní níbẹ̀, ṣùgbọ́n géèmù táńkì náà kò dúró sójú kan. Ilé-iṣẹ́ 3DO ní Amẹ́ríkà ṣe BattleTanx jáde lọ́dún 1998, apá kejì rẹ̀, BattleTanx: Global Assault, sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1999 fún Nintendo 64, kó tó dé orí PlayStation lọ́dún 2000. Lórí Nintendo 64, ẹni mẹ́rin lè pín ojú tẹlifíṣàn kan, kí kálukú máa wa táńkì tirẹ̀. 3DO fúnra rẹ̀ kò pẹ́ láyé, torí gbèsè ló gbé e dé ilé ẹjọ́ lọ́dún 2003.

Ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n kò ní ṣàì rí i pé ṣọ́ọ̀bù géèmù àti abẹ́ igi tí wọ́n ti ń ta ayò jọ ara wọn. Ẹni méjì ló ń ta, àwọn òǹwòran yí wọn ká, ọ̀ta ń fi ọ̀pẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àgbà kì í sábà sí ní ṣọ́ọ̀bù géèmù. Ibẹ̀ ni 'ẹni tí wọ́n bá nà ló máa sanwó' ti wọlé, tí owó oúnjẹ ọ̀sán ọmọ sì ń di owó ìta géèmù. Táńkì kọ́ ló bà á jẹ́, àìsí ojú àgbà ni.

Àwọn òbí kan tún bẹ̀rù pé géèmù ogun yóò sọ ọmọ di oníjàgídíjàgan. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn pátápátá. Lẹ́yìn tí Atari ṣe géèmù táńkì mìíràn, Battlezone, lọ́dún 1980, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní kí ilé-iṣẹ́ náà ṣe irú rẹ̀ fún wọn láti fi kọ́ àwọn ayìnbọn wọn níṣẹ́. Síbẹ̀, àwọn ọmọ Èkó ti rí ìyàtọ̀ láàárín eré àti òótọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, àwọn ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà, èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún sì bá a lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kú sómi ní Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá àsálà. Ọjọ́ náà kò ní ìpele kejì fún àwọn tó lọ.

Ohun tó kù fún àwọn òbí

Ṣọ́ọ̀bù géèmù ń fojú winá báyìí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo tí wọ́n ń tà ní iye tí kò tó 200 náírà di 488 náírà ní Èkó. Nígbà tí ọdún 2024 yóò fi parí, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣòwò mọ bí ìyẹn ṣe rí lára.

Géèmù táńkì ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. World of Tanks, tí ilé-iṣẹ́ Wargaming gbé jáde fún kọ̀ǹpútà lọ́dún 2010, dé orí Xbox 360 lọ́dún 2014 àti PlayStation 4 lọ́dún 2016. Nínú rẹ̀, ẹni 15 lè kojú ẹni 15, ṣùgbọ́n kálukú wà nílé tirẹ̀, ó lè máà mọ ojú ẹni tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ kan náà. Dátà ló sì ń jẹ, bẹ́ẹ̀ àjọ NCC ti fọwọ́ sí i lóṣù Kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù lè fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti ka géèmù tó bá di bárakú mọ́ àìsàn, ìlànà náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Kìíní ọdún 2022. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó fẹ́ràn géèmù ló ní àìsàn yìí. Ẹni tí géèmù ti gba oorun, oúnjẹ àti ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí kò sì lè dá ara rẹ̀ dúró, ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ọmọ tó ń kọ́ pápá ogun tirẹ̀ nínú Battle City, iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe géèmù ló ń fi ṣeré, láìmọ̀. Iṣẹ́ náà sì ti dé Nàìjíríà. Lọ́dún 2012 ni Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó, ọdún náà sì ni Abiola Olaniran, tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ Gamsole. Ní Ìkòròdú gan-an, Pólì Ìpínlẹ̀ Èkó ti di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, LASUSTECH, láti ọdún 2022. Ọmọ tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe táńkì orí tẹlifíṣàn kò nílò láti wọkọ̀ òfurufú.

Òbí tó bá fẹ́ mọ ohun tí géèmù ń ṣe fún ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà kó máa pariwo. Kó wọlé, kó béèrè orúkọ eré náà, kó wò ó bóyá ọ̀rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe tàbí owó, kó dá àkókò tí yóò parí, kó sì rí i pé iṣẹ́ iléèwé ti ṣáájú. Bí ó bá sì jẹ́ ti ẹni méjì, kó gba páàdì kejì lọ́wọ́ wọn.