Orí Késárì àti Owó Tí Kò Lórí

Bí wọ́n bá ń so yìgì ní Ìlọrin, owó méjì ló ń pàdé níwájú àfáà. Ọ̀kan ni náírà tí wọ́n kà sílẹ̀. Èkejì ni dínárì, tí kò sẹ́ni tó fojú rí i nínú agbo náà, síbẹ̀ òun ni òṣùwọ̀n: nínú ìlànà Imam Malik tí àwọn àfáà wa ń tẹ̀ lé, sàdáákì kò gbọdọ̀ dín ní ìdámẹ́rin dínárì góòlù.

Náírà ní ojú èèyàn. Dínárì kò ní.

Ká tó mọ ìdí rẹ̀, Róòmù ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù ni orí Julius Caesar hàn lórí owó fàdákà wọn nígbà tó ṣì wà láàyè, ohun tí ará Róòmù kan kò ṣe rí lórí owó ìlú wọn. Kí oṣù kẹta ọdún náà tó parí, wọ́n ti fi ọ̀bẹ gún un pa. Augustus tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ kò tìtorí ìyẹn sá. Ó gbé orí tirẹ̀ sórí góòlù. Ọmọ ogun tó wà ní Síríà, tí kò dé Róòmù rí, inú owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ti ń mọ bí imú ọba ṣe rí. Nínú àwọn ọba Róòmù, ti Nero ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Lọ́dún 64 ó dín ìwọ̀n owó góòlù kù: bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń sanra sí i lórí owó, bẹ́ẹ̀ ni góòlù ń rù.

Abd al-Malik, ọba àwọn Mùsùlùmí ní Damásíkù, kọ́kọ́ gbìyànjú láti gbé àwòrán sórí owó bíi ti Róòmù. Ó tẹ dínárì tí àwòrán ọba dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú idà. Nígbà tó di ọdún 77 Híjírà, ó kó gbogbo àwòrán kúrò, ó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rọ́pò. Kò tilẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀! Ìwọ̀n dínárì náà jẹ́ gíráàmù 4.25.

Àwa ńkọ́? Òkú là ń gbé sórí náírà. Wọ́n pa Murtala Muhammed ní February 1976. Ọdún kejì ni 20 náírà tirẹ̀ jáde, owó tó tóbi jù lọ nígbà náà. Lórí 200 náírà, ojú Ahmadu Bello àti ajami, lẹ́tà Lárúbáwá tí ọmọ ilé-kéú lè kà, jọ wà níbẹ̀.

Ti dínárì ni mo ṣe. Kì í ṣe ẹ̀bi Murtala pé 20 náírà kò ra omi inú ọ̀rá mọ́, bébà kò lè bá góòlù du ipò. Ṣùgbọ́n ojú Nero náà wà lórí góòlù, kò sì gbà á lọ́wọ́ ìdínkù.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ so yìgì lọ́dún yìí, ẹ béèrè iye góòlù lọ́wọ́ àfáà kẹ́ ẹ tó lọ. Iye náírà tí ẹ̀gbọ́n yín san lè má tó mọ́.