Ìdí Tí Wọ́n Fi Ya Báńkì Ìpamọ́ Kúrò Lára Ọjà Ìpín

Iṣẹ́ alájọ ni pé kó gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́jà, kó tọ́jú rẹ̀, kó sì kó o fún wọn bí oṣù bá parí. Bó bá lọ fi owó náà ra ilẹ̀, ó lè jèrè o. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ kò bá tà kí oṣù tó parí ńkọ́? Owó ta ló wọgbó?

Alájọ ńlá ni báńkì tó ń gba owó ìpamọ́. Báńkì ìdókòwò ní tirẹ̀ máa ń bá ilé-iṣẹ́ ta ìpín, ó sì ń rà, ó ń tà. Ewu iṣẹ́ méjèèjì kò dọ́gba. Nítorí èyí ni Amẹ́ríkà fi ṣe òfin Glass-Steagall ní 1933, lẹ́yìn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún báńkì ti wó, pé kí báńkì mú ọ̀kan. Wọ́n wó odi yẹn ní 1999.

Ní 2001 ni CBN wó tiwa. Ìgbà yẹn ni universal banking dé: ìpamọ́, ìpín, iṣẹ́ adójútòfò, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan. Nígbà tó di òpin 2005, owó ìdásílẹ̀ báńkì ti kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, ó di bílíọ̀nù 25. Báńkì 89 sì di 25. Owó pọ̀ nílẹ̀, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò fi sí.

Ọjà ìpín ni púpọ̀ nínú rẹ̀ gbà lọ. Báńkì ń yá ènìyàn lówó láti ra ìpín, ìpín yẹn kan náà ló sì fi ń ṣe ìdógò. Nígbà mìíràn, ìpín báńkì tó yáni lówó gan-an ni wọ́n ń rà! Bí iye ìpín bá ń gòkè, gbogbo wa là ń jó. Bó bá já, ìdógò ti ṣófo, ẹ̀yáwó ti di gbèsè tí kò ṣeé gbà, owó ẹni tó fi pamọ́ sì wà láàárín. Lẹ́yìn oṣù Ẹrẹ́nà 2008 ó já lóòótọ́. Láàárín ọdún kan, ọjà pàdánù ju ìdajì iye rẹ̀ lọ. Ní oṣù Ògún 2009, Sanusi Lamido Sanusi yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi bílíọ̀nù 400 náírà gbé àwọn báńkì náà ró.

Ní 2010 ni CBN fagi lé universal banking. Báńkì ní láti ta àwọn ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe ti báńkì, tàbí kó dá ilé-iṣẹ́ ìyá sílẹ̀, kí báńkì di ọmọ kan láàárín àwọn ọmọ, tí kálukú ní owó ìdásílẹ̀ tirẹ̀. UBA yọ UBA Capital kúrò lára. First Bank, FCMB àti Stanbic IBTC yan ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ìyá. GTBank náà padà gba ọ̀nà yìí ní 2021.

Ní tèmi, odi yìí dára, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ni oògùn. Ẹ̀yáwó fún àwọn oníṣòwò epo àti fún àwọn ọ̀gá báńkì fúnra wọn wà lára ohun tó bá báńkì jẹ́ ní 2009, kò sì sí odi tó ya ìyẹn sọ́tọ̀, nítorí iṣẹ́ báńkì gan-an ni ẹ̀yáwó. Àwọn tó fi owó pamọ́ rí owó wọn gbà. Ti àwọn onípìn-ín yàtọ̀: ní 2011 tí ìjọba gba Afribank, ìwé ìpín tí ọ̀pọ̀ òbí wa tọ́jú sínú àpótí di ìwé lásán.