Kí Ọmọ Rìn Lórí Ìlà: Àròpọ̀ Ìwọ̀n fún Àwọn Ọmọ Wa Kékeré

Bí ẹ bá ní ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ nílé, ẹ bi í pé: mẹ́sàn-án àti mẹ́jọ, mélòó ni? Ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn kíákíá pé mẹ́tàdínlógún ni. Ẹ má tíì yọ̀. Ẹ wá rúlà tí ẹnu rẹ̀ ti kán, tí ó jẹ́ pé orí 3 ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó fi wọn pẹ́ńsù kan. Bí pẹ́ńsù náà bá parí sí orí 11, ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò sọ pé sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá ni. Mẹ́jọ ni. Ọmọ náà mọ àròpọ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀ pé ìrìn láti ibì kan dé ibòmíràn ni ìwọ̀n jẹ́.

Èmi pàápàá kò tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù ni mo kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níbí yóò kọ́ wọn ní ìṣirò pẹ̀lú. Mo ń kọ àròpọ̀ sójú pátákó, wọ́n ń ké e ní àkésórí, inú mi sì ń dùn. Àfi ọjọ́ tí ìyá ọmọ kan, aránṣọ ni, tẹ́ léèsì kan sí iwájú mi. Ó ti ní kí ọmọ náà gé íǹṣì ogún àti íǹṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún papọ̀ fún etí hìjáàbù oníbàárà. Ọmọ wọn ogún ní ojú íǹṣì, ó yí téèpù padà, ó wọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ojú sẹ̀ǹtímítà. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tó íǹṣì mẹ́fà. Ìyá náà kò bá mi jà. Ó kàn wí pé ọmọ òun ní márùndínlógójì ni, gẹ́gẹ́ bí tíṣà ṣe kọ́ òun.

Láti ìgbà tí a ti dá Sabon Gari ti Kánò sílẹ̀, kò pẹ́ tí ojú irin dé, aṣọ títà àti aṣọ rírán wà lára ohun tí àwọn ènìyàn wa fi ń jẹun níbí. Ọmọ tí kò mọ téèpù lò ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì dé ilé.

Nítorí náà ni mo ṣe fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igi kan náà ni mo fi wọn àlàfo gbogbo kí wọ́n lè dọ́gba, mo sì kọ 0 títí dé 20 sí i. Ọmọ a dúró lórí òdo, a ṣí ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án, a tún ṣí mẹ́jọ. Ibi tí ó bá gúnlẹ̀ sí ni èsì. Àṣìṣe kan wà tí ẹ óò rí dájúdájú: ọmọ tí ó dúró lórí 9 yóò ka ibi tí ó dúró sí ní ọ̀kan, orí 16 ni yóò sì parí sí. Ẹ má ṣe bá a wí. Ẹ ní kí ó gbé ẹsẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Àlàfo ni a ń kà, kì í ṣe àmì.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1685, John Wallis, onímọ̀ ìṣirò ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde lórí áljẹ́bírà. Ọkùnrin tí ó ń rìn ni ó fi ṣe àlàyé: ó rìn yáàdì márùn-ún síwájú, ó padà sẹ́yìn ní méjì, ó ku mẹ́ta. Bí ó bá padà ní mẹ́jọ ńkọ́? Ẹ̀yìn ibi tí ó ti gbéra ni yóò wà, ní yáàdì mẹ́ta.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìrìn yìí ti wà nínú èdè wa. Mẹ́tàdínlógún: lọ sí ogún, padà sẹ́yìn ní mẹ́ta. Márùndínláàádọ́ta ńkọ́? Ọgọ́ta ni a ti gbéra, a padà ní mẹ́wàá dé àádọ́ta, a tún padà ní márùn-ún. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé náà a máa pe méjìdínlógún ní *ashirin biyu babu*, ogún tí kò sí méjì nínú rẹ̀. Bí mo ṣe fi èyí hàn lórí ìlà, àwọn ọmọ tí òǹkà Yorùbá ti ń sú bẹ̀rẹ̀ sí í fò sẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo rò pé àwa òbí tí à ń sá fún òǹkà wa nítorí pé ó le ni a kò fa ìlà fún wọn rí.

Àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ lọ́tọ̀. Helen Verran, ará Ọsirélíà tí ó ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀, sì ròyìn nínú ìwé rẹ̀ ti 2001 nípa olùkọ́ kan tí ó ní kí àwọn ọmọ fi okùn wọn ara wọn, kí wọ́n wé okùn náà mọ́ páálí kékeré, kí wọ́n kà á ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí wọ́n tó fi èyí tí ó ṣẹ́kù kún un. Mo ti dán an wò. Okùn ń lọ́, ariwo ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí àwẹ̀ bá ń parí lọ, ẹ lò ó fún Sàká ìtúnu àwẹ̀. Mùdù Ànábì mẹ́rin ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ fò mẹ́rin-mẹ́rin láti òdo fún ẹni márùn-ún, orí 20 ni yóò dé. Ẹ rántí sọ fún un pé mudu ọjà Kánò tóbi ju mùdù Ànábì lọ, a kò sì lè rò wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ íǹṣì àti sẹ̀ǹtímítà náà nìyẹn.

Ọmọ aránṣọ yẹn ti fi léèdì pupa kun ojú íǹṣì téèpù ìyá rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ní oṣù òjò, omi a máa fọ ìlà ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa dànù. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń tún un fà, òdo ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ kọ.