Frank Zappa: Ìwé wo ló yẹ kí a fi mọ olórin rọ́ọ̀kì tí kò jọ ẹnikẹ́ni?

Láti ọdún 1972 tí David Walley ti gbé ìwé No Commercial Potential jáde ni àwọn òǹkọ̀wé ti ń kọ̀wé nípa Frank Zappa, wọn kò sì tíì dáwọ́ dúró. Akọ̀wé rẹ̀ kọ tirẹ̀, onímọ̀ kọ tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ náà kọ tirẹ̀. Zappa pàápàá kọ ọ̀kan. Ibi tí kálukú dúró sí ló ti rí i, nítorí náà ẹni tó bá ka ẹyọ kan ṣoṣo kò tíì mọ ọkùnrin yìí.

Ta ni Zappa?

Ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1940. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn orin rhythm and blues ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ọkàn rẹ̀ tún fà sí Edgard Varèse, olórin tó ń fi ìlù àti fèrè ìkìlọ̀ iléeṣẹ́ panápaná ṣe orin. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 15, ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí tó gbà ni pé kí ó tẹ Varèse láago ní New York. Varèse kò sí nílé. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a sọ̀rọ̀.

Orin méjèèjì yìí ni Zappa pa pọ̀ títí ó fi kú. Lọ́dún 1966, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Mothers of Invention, gbé Freak Out! jáde. Lọ́dún 1984, Pierre Boulez, adarí orin kíláàsíkà, darí orin tí Zappa kọ fún àwọn olórin kíláàsíkà. Zappa kò fàyè gba oògùn olóró láàárín àwọn tó ń bá a ṣeré. Àwo orin tó ṣe nígbà ayé rẹ̀ lé ní 60. Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1993, lẹ́ni ọdún 52.

Kí ló sọ nípa ara rẹ̀?

The Real Frank Zappa Book jáde lọ́dún 1989. Zappa sọ ọ́ gbangba pé ara ohun tó mú òun kọ ọ́ ni pé ìwé tí àwọn ẹlòmíràn ń kọ nípa òun ti sú òun. Ó sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, Peter Occhiogrosso kọ ọ́ sílẹ̀, Zappa wá tún un tò.

Ibi tó lọ́ràá jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú ìgbìmọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985. Àwọn ìyàwó olóṣèlú kan, tí Tipper Gore wà lára wọn, ń fẹ́ kí wọ́n máa lẹ àmì ìkìlọ̀ mọ́ àwo orin. Zappa ta kò wọ́n, ó ní òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ lójú. Ìwé náà dùn, ó sì mú bí abẹ, àmọ́ òun ló ń rojọ́, òun náà ló ń dájọ́.

Kí ni àwọn ará ilé rẹ̀ rí?

Pauline Butcher, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n rán sí Zappa ní London lọ́dún 1967 pé kó bá a tẹ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀. Lọ́dún 1968, ó kó lọ sí Los Angeles láti di akọ̀wé rẹ̀. Ìwé rẹ̀, Freak Out! My Life with Frank Zappa (2011), fi ilé kan hàn wá tí èrò ń wọ́ tìrítìrí níbẹ̀, tí baálé rẹ̀ kò sì kúrò nídìí iṣẹ́.

Ìwé Moon, àkọ́bí Zappa, ló dun ọkàn jù. Ọmọ yìí kọ lẹ́tà, ó tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá tí bàbá rẹ̀ ti ń gba ohùn orin sílẹ̀, pé òun fẹ́ bá a ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni Valley Girl ti jáde lọ́dún 1982, orin tó tà jù fún Zappa ní Amẹ́ríkà. Nínú ìwé rẹ̀, Earth to Moon (2024), Moon sọ ohun tí ọmọ ń san nígbà tí iṣẹ́ bá gba bàbá lọ́wọ́ ilé.

Àwọn onímọ̀ ńkọ́?

Ìwé ńlá ni Ben Watson kọ ní tirẹ̀, ó lé ní 500 ojú ewé. Ìmọ̀ Theodor Adorno, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Jámánì, ló fi tú orin Zappa palẹ̀. Ó le, kì í ṣe ìwé ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé Barry Miles (2004) ló to ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan bí ọlọ́pàá ṣe dẹ pàkúté fún Zappa ní ìlú Cucamonga, tó sì lo ọjọ́ 10 lẹ́wọ̀n lọ́dún 1965.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé tí Zappa kọ nípa ara rẹ̀, kí ẹ fi ti Miles tẹ̀ lé e, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ ka ti Moon kí ẹ tó yìn ín tàbí kí ẹ tó bú u.