Yanrìn Ìsàlẹ̀ Àpótí Ẹja

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, púpọ̀ nínú wa ni yóò fẹ́ sin ẹja sínú àpótí gíláàsì nínú kíláàsì, kí àwọn ọmọ lè fi ojú ara wọn rí bí ẹ̀dá inú omi ti ń mí àti bí ó ti ń jẹun. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá ń kú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ yóò rò pé ẹ̀mí ẹ̀dá kò jẹ́ nǹkan, ẹ̀kọ́ tí a kò rò láti kọ́ wọn rárá. Oúnjẹ àti omi ni olúkúlùkù ń rò. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń ro yanrìn.

Yanrìn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ a máa rà, wọn a sì di májèlé tí à ń pè ní ammonia. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó lẹ̀ mọ́ ara yanrìn a sọ ọ́ di nitrite, tí òun pàápàá jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn a sì sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára, tí ewéko sì ń jẹ. Irú àwọn kòkòrò báyìí kan náà ni Sergei Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, yà sọ́tọ̀ láti inú ilẹ̀ ní 1890. Nítorí náà, oko ni yanrìn jẹ́, àwọn kòkòrò náà sì ni àgbẹ̀ inú rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ yàn án, yanrìn odò ni ó dára jù. Yanrìn etí òkun ní iyọ̀ àti èérún ìkaraun, ìkaraun a sì máa sọ omi di irú èyí tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ dáadáa. Kí a kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lórí: bí ó bá hó, kí a má lò ó. Kí ó má sì ní etí mímú, nítorí ẹja bí àrọ̀ a máa fi irùngbọ̀n rẹ̀ wá oúnjẹ nílẹ̀, a sì lè fi ṣe é léṣe.

Omi nìkan ni kí a fi fọ̀ ọ́ títí yóò fi mọ́. Kí ọṣẹ má kàn án. Kí a tẹ́ ẹ ní ínṣì 2, kí ẹ̀yìn ga ju iwájú lọ, kí ìdọ̀tí lè máa wá sí ibi tí a ó ti rí i. Kí a gbé àwo lé e lórí, kí a sì rọra da omi sínú àwo náà, kí yanrìn má ba à rú. Ẹja kékeré kan tàbí méjì ni kí a kọ́kọ́ fi sí i, nítorí ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí àwọn àgbẹ̀ wa tó pọ̀ tó.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a fi rọ́bà fa ìdọ̀tí orí yanrìn jáde pẹ̀lú nǹkan bí ìdámẹ́rin omi, kí a sì fi omi tuntun dípò rẹ̀. Omi ẹ̀rọ tí ó ní chlorine gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà ní ṣíṣí di ọjọ́ kejì. Bí yanrìn bá dúdú, tí ó sì ń rùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́, afẹ́fẹ́ kò dé inú rẹ̀ mọ́. Kí a bu ibẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tí ó fẹ́ràn ìmọ́tótó ni ó sábà máa ń ṣe àṣìṣe tí ó burú jù: a kó gbogbo yanrìn jáde lọ́jọ́ kan, a fọ̀ ọ́ títí yóò fi dán, ẹja a sì kú lẹ́yìn náà, nítorí ó ti pa oko náà run. Kí a máa tọ́jú rẹ̀ bí àgbẹ̀ ti ń tọ́jú ilẹ̀, kí a sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ìdí rẹ̀.