Ohun Ọ̀ṣọ́ Ọgbà Gbọ́dọ̀ Níṣẹ́ Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ará àdúgbò, mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa ti ń gbin òdòdó síwájú ilé báyìí. A ń ra àga onírin sábẹ́ igi máńgòrò, a sì ń wá ère kìnnìún onísìmẹ́ńtì sí ẹnu géètì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí owó tó jáde lápò, ẹ jẹ́ kí n mú yín yíká ọgbà kan ní Japan, kí ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Roji ni wọ́n ń pe irú ọgbà náà. Ọ̀nà tóóró ni, ó lọ láti ẹnu géètì dé ahéré kékeré tí onílé ti ń fún àlejò ní tíì mu. Sen no Rikyū, àgbà nídìí tíì tó gbé ayé láàárín ọdún 1522 sí 1591, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun iyì. Kò fẹ́ràn àṣejù rárá. Kí àlejò tó dé, onílé á gbálẹ̀, á sì wọ́n omi sójú ọ̀nà, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń wọ́n omi sí àgbàlá kí eruku má bàa sọ lálá.

Ohun ìjókòó tó wà níbẹ̀ kò ju bẹ́ǹṣì kan tí wọ́n ṣe òrùlé sí lórí. Ibẹ̀ ni àlejò ń dúró sí títí onílé á fi wá mú un wọlé. Tó bá dìde, orí òkúta pẹlẹbẹ ni yóò máa tẹ̀ lọ. Níbi tí ọ̀nà bá ti pínyà, yóò bá òkúta kan tí kò ju ìkúùkù lọ, tí wọ́n fi okùn dúdú dì. Àlejò ti mọ̀ nìyẹn pé kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ní kí òun gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí màrìwò tí wọ́n ta dí ọ̀nà oko, tàbí ìkarahun ìgbín àti àkísà tí wọ́n so mọ́ ìdí ọsàn, ẹ ò nílò àlàyé. Ààlè ni. Tiwa ní èpè lẹ́yìn. Ìwà ọmọlúàbí àlejò ni wọ́n gbọ́kàn lé nínú tiwọn.

Àtùpà olókùúta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Iwájú ilé ìsìn ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilé ìsìn Kasuga Taisha ní ìlú Nara, ó tó nǹkan bí 3,000 àtùpà olókùúta àti onídẹ tí àwọn èèyàn ti fi ta ibẹ̀ lọ́rẹ. Àwọn àgbà nídìí tíì gbé e wọ ọgbà nítorí àlejò tó ń bọ̀ lálẹ́, kó lè rí ibi tó ń tẹ̀.

Lẹ́yìn àtùpà ló kan ọpọ́n omi olókùúta, tí wọ́n gbé kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bó ti wù kéèyàn lọ́lá tó, ó di dandan kó bẹ̀rẹ̀ kó tó bu omi fọwọ́. Omi ìfọwọ́ yìí ló sì bí ohun tó jọ mí lójú jù lọ. Wọ́n gbẹ́ kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n náà, wọ́n lu ihò kékeré sí ìdí ìkòkò amọ̀ ńlá kan, wọ́n dojú rẹ̀ dé sínú kòtò, wọ́n wá kó òkúta wẹ́wẹ́ bò ó. Omi á gba ihò náà wọlé, á máa kán tó, tó, tó sínú omi díẹ̀ tó dúró nísàlẹ̀. Suikinkutsu ni wọ́n ń pè é.

Ẹ rántí ìyá tó ń ra àmù lọ́jà. Kò ní wo ẹwà rẹ̀ nìkan. Á fi ìka kàn án lára, á sì tẹ́tí. Bí ohùn rẹ̀ bá mọ́ gaara, àmù yè. Bó bá dún kẹ́kẹ́, ó ti sán. Ìmọ̀ yìí kan náà ni àwọn ará Japan lò. Ìkòkò tó yè, tí inú rẹ̀ ṣófo, á gba ìró omi tó ń kán, á gbé e ga, á sì dún bí agogo kékeré lábẹ́ ilẹ̀. Àmù tiwa ń pa omi mọ́ kó lè tutù. Tiwọn ń fa omi lọ kí ẹrẹ̀ má bàa gba ọ̀nà. Ojú ìṣàn omi lásán ni, wọ́n sì sọ ọ́ di orin.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọparun tí wọ́n ń pè ní shishi-odoshi. Wọ́n gbé e kọ́ láàárín kó lè máa lọ sókè sódò. Omi á máa ṣàn sẹ́nu rẹ̀. Tó bá kún, ẹnu á tẹ̀, omi á dà nù, ìdí á sì padà lu òkúta: pá! Oko ló ti wá, láti lé àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó kúrò nídìí ọ̀gbìn. Ó ṣì ń dún ní Shisen-dō, ilé tí Ishikawa Jōzan kọ́ sí Kyoto lọ́dún 1641.

Àwọn baba ńlá tiwa náà mọ irú ọgbọ́n yìí. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n tò ó lóòró lọ́nà tó wu ojú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi iṣẹ́ náà sọrí Lúwo, Ọọ̀ni tó jẹ́ obìnrin, tí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílé. Odó tó ti lu nídìí gba erùpẹ̀ àti òdòdó dáadáa, ihò náà ni omi á máa gbà jáde. Ẹ to àpáàdì sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tó máa ń yọ̀ lójò. Ẹ fi ọparun kan bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi. Ẹ gbé àmù sẹ́nu ọ̀nà fún ìfọwọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ọmọrí dé e, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀fọn má bàa yé ẹyin síbẹ̀. Kí ẹ tó ra ohun ọ̀ṣọ́ kankan sí ọgbà yín, ẹ béèrè iṣẹ́ tí yóò máa ṣe. Èyí tí kò bá níṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.